Ìràwọ̀ Onírù Ọdún 1882 àti Àwọn Àjèjì Mẹ́ta

Àwọn tí ń kọ ìtàn ojú ọ̀run sọ fún wa pé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1882 ni ìròyìn àkọ́kọ́ nípa ìràwọ̀ onírù ńlá ti ọdún náà. Ibi méjì ni wọ́n dárúkọ pé a ti rí i: ọ̀kan ni Cape of Good Hope ní gúúsù Áfíríkà, èkejì ni Gulf of Guinea. Ẹni tí kì í ṣe ará etí òkun lè ka gbólóhùn yìí kọjá láìbojúwẹ̀yìn. Èmi kò lè kà á kọjá. Ọmọ Màhìntẹ̀dó ni mí, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, omi tí àwọn òyìnbó ń pè ní Gulf of Guinea yìí kan náà sì ni òkun tí àwọn bàbá wa ń pẹja nínú rẹ̀. Ní ti Cape, a mọ orúkọ àwọn tí ó wo ìràwọ̀ náà: W. H. Finlay, W. L. Elkin, àti ọ̀gá wọn David Gill, gbogbo wọn ní ilé ìwòràwọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ síbẹ̀. Ní ti òkun wa, orúkọ omi nìkan ni wọ́n kọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibẹ̀ fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ orúkọ Màhìntẹ̀dó fún un. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti sọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó. Etí òkun Màhìn kò dà bí ti Èkó tàbí ti Bàdágìrì tí iyanrìn funfun wà. Ẹrẹ̀ ni tiwa, ẹrẹ̀ dúdú múlọ́múlọ́, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sì ti fi orúkọ Màhìn pe irú etí òkun bẹ́ẹ̀ nínú ìwé wọn. Orí òpó ni ilé wà, ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ wa. Apẹja a máa jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, a sì máa wo òṣùpá kí ó lè mọ ìgbà tí omi yóò kún àti ìgbà tí yóò fà. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ òṣùpá kì í ṣe ẹni tí ń gbàgbé láti gbójú sókè.

Ìràwọ̀ onírù ti 1882 sì rèé, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó máa ń yọ, ní ìlà-oòrùn, ṣáájú oòrùn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án, ó kọjá lẹ́bàá oòrùn débi pé nǹkan bí 460,000 kìlómítà péré ni ó wà láàárín rẹ̀ àti ojú oòrùn. Ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń rí i lọ́sàn-án gangan, tí ènìyàn bá ti fi ọwọ́ bo oòrùn. Ó kọjá sí ẹ̀yìn oòrùn, ó tún yọ ní òwúrọ̀, ìrù rẹ̀ wá gùn gbọọrọ, ojú lásán sì ń rí i títí wọ inú ọdún 1883. Òótọ́ ni pé òjò ṣì ń rọ̀ ní etí òkun wa ní oṣù kẹsàn-án, ìkùukùu a sì máa bo ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ fi dé, ìràwọ̀ náà kò tíì lọ. Ogun Kíríjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ń lọ lọ́wọ́ ní òkè lọ́hùn-ún, kò sì parí títí di 1886; àwọn ọmọ ogun tí ń ṣọ́nà ní bùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtì Parapọ̀ wà lábẹ́ ọ̀run kan náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé àwọn apẹja Màhìn kò rí i, èmi yóò bi í léèrè ibi tí ojú wọn wà.

Ohun tí ó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní 1885, orúkọ Màhìn kún inú ìwé àwọn òyìnbó. Ilé ìṣòwò G. L. Gaiser ti ilẹ̀ Jámánì bá Àmàpétù, ọba Màhìn, ṣe ìwé àdéhùn lórí etí òkun rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fárí, Jámánì sì yọwọ́ kúrò kí ọdún náà tó parí. Ìtàn tí ó kan ọjà àti ilẹ̀ kò sọnù. Ìtàn ohun tí àwọn ènìyàn Àmàpétù rí ní ojú ọ̀run ni kò rí akọ̀wé.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ojú fún nǹkan wọ̀nyí. Àgùàlà wà, tí a ń pè ní ajá òṣù nítorí bí ó ti ń tọ òṣùpá lẹ́yìn. Ìràwọ̀ onírù náà ní orúkọ, orúkọ náà sì péye, nítorí pé ohun tí ojú rí gan-an ni ó sọ. Ṣùgbọ́n bí ti gbogbo ayé ni ti àwọn baba wa: wọ́n kà á sí àmì pé ọba kan fẹ́ wàjà tàbí pé àrùn ń bọ̀. Kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga má ṣe tìtorí èyí rẹ́rìn-ín wọn. Ní ọdún 1910, nígbà tí ìràwọ̀ onírù Halley padà dé, àwọn onímọ̀ rí àmì gáàsì olóró kan tí wọ́n ń pè ní sayanójìn nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ṣírò pé ayé yóò gba inú ìrù rẹ̀ kọjá ní nǹkan bí ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún. Ẹ̀rù ba àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àwọn kan ń di ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ilé wọn, àwọn oníjìbìtì sì ń ta egbòogi tí yóò gba ènìyàn lọ́wọ́ ìràwọ̀. Ọba Edward Keje, tí ó jẹ́ ọba lórí Èkó àti gbogbo Gúúsù Nàìjíríà nígbà náà, sì kú ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà gan-an. Ẹ rò ó wò bí èyí yóò ti dùn mọ́ ẹni tí ó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ìràwọ̀ onírù ń pa ọba! Ayé gba inú ìrù náà kọjá, ìrù náà fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ̀ ọ́n lára.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ tí ó mú mi kọ̀wé. Láti 1882 títí di òní, ohun méjì ni ènìyàn ti ń béèrè lọ́wọ́ ìràwọ̀ onírù: níbo ni o ti wá, kí sì ni a fi dá ọ? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni ó pàdé lára àwọn àjèjì mẹ́ta tí ó ti wọ inú agbo oòrùn wa láti 2017, tí wọn kì í sì í ṣe ọmọ oòrùn wa rárá.

Isaac Newton ni ó fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1687 pé òfin tí ń di òṣùpá mú náà ni ó ń darí ìràwọ̀ onírù. Edmond Halley wá mú òfin náà lò. Ní 1705 ó sọ pé ìràwọ̀ kan náà ni ó yọ ní 1531, 1607 àti 1682, pé yóò sì padà ní nǹkan bí 1758. Ó padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Halley ti kú. Ọ̀nà tí a fi ń mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò wà nínú òfin yìí, èmi yóò sì fi ohun tí a mọ̀ ní odò ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ tí a fi okùn so mọ́ òpó lẹ́yìn ilé. Omi ìbáà kún, omi ìbáà fà, yóò máa rìn yí òpó náà ká ni. Okùn rẹ̀ lè gùn, ó lè pẹ́ kí ó tó padà, ṣùgbọ́n yóò padà. Ọkọ̀ tí ó ti Èkó bọ̀ tí ó ń lọ sí Wàrí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè yà díẹ̀ nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n eré tí ó bá wọlé ni ó tún ń bá jáde. Oòrùn ni òpó, agbára tí ó fi ń fa nǹkan sì ni okùn. Ní ibi tí ayé wa wà, ohunkóhun tí eré rẹ̀ bá ju kìlómítà 42 lọ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, okùn oòrùn kò tó o mọ́. Ohun tí ó bá sì ti òde wọlé, kódà kí ó tó sún mọ́ oòrùn, eré ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó yẹ kí èyí rọrùn, ṣùgbọ́n ó da àwọn àgbà láàmú fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ onírù ni wọ́n wọn tí eré wọn fi ìwọ̀n kékeré ju ohun tí okùn lè dì mú lọ, àwọn kan sì ń sọ pé àjèjì ni wọ́n. Ní 1914, Elis Strömgren tí ń ṣiṣẹ́ ní Copenhagen ṣe ìṣirò náà padà sẹ́yìn, ó sì rí i pé Júpítà àti àwọn plánẹ́ẹ̀tì yòókù ni ó tì wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti wọlé. Onílé ni wọ́n nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ní 1950, Jan Oort ará Holland sọ pé ilé wọn jẹ́ àwọ̀sánmà ńlá kan tí ó yí gbogbo agbo oòrùn ká ní ọ̀nà jíjìn réré. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń retí ojúlówó àjèjì. Bí oòrùn wa bá ń ju yìnyín sí òde, kí ló dé tí oòrùn ẹlòmíràn kò ní ju tirẹ̀ sọ́dọ̀ wa? Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni wọ́n fi retí.

Ìbéèrè kejì, ti ohun tí a fi dá a, ibẹ̀ ni ìràwọ̀ onírù ti òkun wa ti wúlò jù. Bí oòrùn bá tan sínú òjò, a máa ń rí òṣùmàrè. Ìmọ́lẹ̀ ni omi tú palẹ̀ sí àwọ̀ àwọ̀. Gíláàsì onígun mẹ́ta lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, ohun kọ̀ọ̀kan tí ó bá sì ń tan ìmọ́lẹ̀ ní ìlà tirẹ̀ nínú òṣùmàrè náà, bí ilà ojú ti ń sọ ìdílé ènìyàn láyé àtijọ́. Giovanni Donati ará Ítálì ni ó kọ́kọ́ tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ onírù palẹ̀ báyìí ní 1864. Ní 1868, William Huggins mọ̀ pé kábọ́ọ̀nù wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1882, ní ọjọ́ kejì tí ìràwọ̀ onírù ńlá náà kọjá lẹ́bàá oòrùn, Ralph Copeland àti J. G. Lohse ní Dun Echt ní ilẹ̀ Scotland rí ìlà irin lára rẹ̀. Irin! Ohun tí ó jẹ́ pé ojú lásán ń wò bí òwú funfun, irin ń hó nínú rẹ̀. Ooru ojú oòrùn ni ó sọ irin náà di ategùn. Ní Cape, Gill gbé ẹ̀rọ ayàwòrán ti ìgbà náà lé orí awò awọ̀nàjíjìn, ó ya ìràwọ̀ onírù náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó yà á lẹ́nu ni iye àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tí ó hàn lẹ́yìn rẹ̀ nínú àwòrán. Láti ibẹ̀ ni ó ti rò ó pé a lè fi fọ́tò ka gbogbo ìràwọ̀ ojú ọ̀run. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé fọ́tò kíka ojú ọ̀run lálaalẹ́ ni ó mú méjì nínú àwọn àjèjì mẹ́ta náà.

Mo lè yára kọjá lórí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní 1950, Fred Whipple ní Amẹ́ríkà sọ pé inú ìràwọ̀ onírù jẹ́ òkìtì yìnyín tí ó dàpọ̀ mọ́ eruku. Ooru oòrùn ni ó ń sọ yìnyín náà di gáàsì, gáàsì sì ń gbé eruku jáde, òun ni a ń rí bí irun àti ìrù. Ní oṣù kẹta ọdún 1986, ọkọ̀ Giotto tí àwọn ará Yúróòpù rán lọ súnmọ́ ìràwọ̀ Halley tó nǹkan bí 600 kìlómítà, ó sì ya odidi òkìtì náà: ó gùn tó kìlómítà 15, ó sì dúdú ju èédú lọ, nítorí pé nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sí i lára, nǹkan bí mẹ́rin péré ni ó ń dá padà. Ìwọ̀n dúdú yìí ṣe pàtàkì. Ohun tí ó jìnnà, a kò lè fi okùn wọ̀n ọ́n. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni a ń wò, a ó sì ṣírò títóbi rẹ̀ lára bí ó ti dúdú tó. Bí ó bá funfun, kékeré ni; bí ó bá dúdú, ńlá ni. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé àjèjì kan tóbi tó báyìí, ẹ mọ̀ pé èédú Halley wà nínú ìṣirò náà.

Àjèjì àkọ́kọ́ dé ní 2017. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá, Robert Weryk rí i nínú àwòrán awò Pan-STARRS ní orí òkè Haleakalā ní Hawaii, lẹ́yìn tí ó ti kọjá lẹ́bàá oòrùn ní oṣù kan àti díẹ̀ sẹ́yìn. Ó ti ń lọ ni wọ́n rí i. Eré tí ó mú wọlé láti òde tó kìlómítà 26 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí plánẹ́ẹ̀tì tí ó lè ti nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní ìràwọ̀ onírù, wọn kò rí ìrù, wọn kò rí irun, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó ń dín kù, tó ìlọ́po mẹ́wàá, láàárín wákàtí díẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé ohun tí ó gùn tàbí tí ó pẹlẹbẹ ni, tí ó sì ń ṣẹ́ kìtì bí ó ti ń lọ. Ní 2018, Marco Micheli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun kan ń tì í lẹ́yìn díẹ̀ yàtọ̀ sí agbára oòrùn, bí ìgbà tí gáàsì bá ń tú jáde lára ìràwọ̀ onírù, bẹ́ẹ̀ gáàsì kankan kò sì hàn. Títí di òní, àwọn àgbà kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí a fi dá a.

Ṣùgbọ́n fún ẹgbẹ́ bíi tiwa yìí, ohun tí ó dùn jù nínú ìtàn náà ni orúkọ rẹ̀. Nítorí pé ilẹ̀ Hawaii ni wọ́n ti rí i, wọ́n tọ àwọn onímọ̀ èdè ibẹ̀ lọ, Larry Kimura sì wà lára wọn, àgbà tí ó ti fi ọdún púpọ̀ jà kí èdè náà má bàa kú. Orúkọ tí wọ́n fún un ni ʻOumuamua, èyí tí ó túmọ̀ sí ońṣẹ́ tàbí alamí tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ṣáájú. Èdè Hawaii jẹ́ èdè àwọn apẹja àti atukọ̀. Àwọn tí ń sọ ọ́ kò pọ̀ tó ará ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, gbogbo onímọ̀ ayé ló ń pe orúkọ náà. A kò dáwọ́ wa lé irú iṣẹ́ yìí púpọ̀. Òótọ́ ni pé ní 2019, nígbà tí wọ́n ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ ìràwọ̀ kan àti plánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní orúkọ, Nàìjíríà sọ ìràwọ̀ tirẹ̀ ní Amadioha, ó sì sọ plánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Equiano. Orúkọ méjèèjì dára. Mo kàn rò pé Ṣàngó yóò ti bi Amadioha léèrè ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀.

Ẹnìkan péré ni ó rí àjèjì kejì, pẹ̀lú awò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Gennadiy Borisov, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Crimea, ni ó ṣe awò tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 65, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ó sì rí nǹkan kan tí ń rìn nítòsí ibi tí oòrùn fẹ́ yọ. Ẹ kíyè sí i: kùtùkùtù, ìlà-oòrùn, ìgbà tí apẹja ń tukọ̀ jáde. Ó wọn ibi tí ó wà, ó kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni nǹkan náà ń jẹ́ títí láé, 2I/Borisov. Mo gbà pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti apẹja Màhìn ti 1882 kò sí nínú ojú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe inú awò nìkan ni ó wà. Lẹ́tà tí ó fi ránṣẹ́ wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà sì wà.

Borisov jẹ́ ìràwọ̀ onírù gidi, ó ní irun, ó ní ìrù. Eré tí ó mú wọlé tó kìlómítà 32 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì sún mọ́ oòrùn jù ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá ọdún 2019, ní nǹkan bí ìlọ́po méjì jíjìn tí ayé jìn sí oòrùn. Awò Hubble fi hàn pé òkìtì inú rẹ̀ kò fẹ̀ tó kìlómítà kan. Ohun tí ó ṣe àjèjì lára rẹ̀ ni gáàsì kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, irú èyí tí ń pa ènìyàn bí ó bá tan jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá tí ó sì ti fèrèsé. Ó pọ̀ lára rẹ̀ ju bí ó ti máa ń pọ̀ lára ìràwọ̀ onírù tiwa tí ó bá dé irú ibẹ̀. Gáàsì yìí kì í dì àfi níbi tí òtútù bá ti pọ̀ lápọ̀jù. Nítorí náà, ibi tí wọ́n bí Borisov sí gbọ́dọ̀ ti jìnnà sí iná oòrùn tirẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí gbogbo ayé ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí nítorí àrùn kòrónà, èérún kan já kúrò lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ yín gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2025, awò ATLAS tí ó wà ní Río Hurtado ní ilẹ̀ Chile mú un, wọ́n sì ń pè é ní 3I/ATLAS. Eré tí ó mú wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Borisov: kìlómítà 58 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tí ó bá ń sáré báyìí yóò ti Èkó dé Ìbàdàn kí ènìyàn tó lè ka ení, èjì, ẹ̀ta. Títóbi òkìtì inú rẹ̀ ṣòro láti mọ̀ nítorí eruku tí ó bò ó. Ohun tí Hubble rí ní oṣù keje ọdún náà ni pé kò lè ju kìlómítà márùn-ún àti díẹ̀ lọ, ó sì lè má ju ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan lọ. Ní oṣù kẹjọ, awò James Webb rí i pé kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì tí ń jáde lára rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́jọ omi tí ń jáde, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàárín àwọn tiwa. Láti inú eré rẹ̀, àwọn kan ṣírò pé ó lè ti ju ọdún bílíọ̀nù méje lọ láyé, nígbà tí oòrùn wa kò tíì pé bílíọ̀nù márùn-ún. Bí ìṣirò náà bá tọ̀nà, òkúta àti yìnyín yìí ti ń rìn kí oòrùn tó wà.

Áfíríkà kò ṣe àìsí níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọjọ́ márùn-ún kí ó tó sún mọ́ oòrùn jù, àwọn awò rédíò MeerKAT ní gúúsù Áfíríkà gbọ́ ohùn háídróksílì lára rẹ̀. Èyí ni ohun tí omi ń di nígbà tí oòrùn bá ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, nítorí náà ẹ̀rí omi ni.

Mo ti sọ pé irin ni wọ́n rí ní 1882. Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, ìràwọ̀ onírù Ikeya-Seki, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá ti 1882, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀, kọjá lẹ́bàá oòrùn, wọ́n sì tún rí irin lára rẹ̀ pẹ̀lú níkẹ́ẹ̀lì. Gbogbo ènìyàn gbà pé ooru ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ní 2021, Piotr Guzik àti Michał Drahus ará Pólándì kéde pé níkẹ́ẹ̀lì wà nínú gáàsì tí ó yí Borisov ká, nígbà tí ó wà ní ibi tí ó tutù ju ibikíbi tí ènìyàn ń gbé lórí ilẹ̀ ayé lọ. Ní ọjọ́ kan náà ni ìròyìn jáde pé irin àti níkẹ́ẹ̀lì wà lára àwọn ìràwọ̀ onírù tiwa tí wọ́n jìnnà sí oòrùn bẹ́ẹ̀. Ti ATLAS tún ṣe àrà: níkẹ́ẹ̀lì hàn kí irin tó hàn. Òtútù kì í sọ irin di ategùn. Ohun tí wọ́n ń rò ni pé àwọn ìrin wọ̀nyí so mọ́ nǹkan mìíràn tí ó tètè ń fò, bí òórùn ti ń fò lára lọ́fínńdà, pé oòrùn ni ó wá já ìsopọ̀ náà. Ohun tí ó dá mi lójú ni èyí: bí ìràwọ̀ onírù ti òkun wa kò bá ti fi irin hàn Copeland, ẹnikẹ́ni kì bá má mọ̀ pé ìbéèrè kan wà níbẹ̀.

Àwọn kan wà, Avi Loeb ti Harvard ni olórí wọn, tí ń sọ pé ó yẹ kí a rò ó bóyá ọwọ́ ẹ̀dá kan ni ó ṣe ʻOumuamua, àti bóyá ti ATLAS náà rí bẹ́ẹ̀. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí ń tú gáàsì, tí ń tú eruku, tí ìrù rẹ̀ ń gùn bí ó ti ń sún mọ́ iná, ìràwọ̀ onírù ni. Àwọn tí ń pariwo ọkọ̀ ẹ̀dá òkèèrè kò yàtọ̀ sí àwọn tí ń pariwo ikú ọba; ìyàtọ̀ wọn kò ju pé ọ̀kan ń kọ ti rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn.

Bí mo bá padà sí Màhìntẹ̀dó, ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ṣe kò nílò owó. Àwọn àgbà wà ní Ìlàjẹ, ní Màhìn àti ní Ugbò, tí wọ́n mọ orúkọ ìràwọ̀ tí a fi ń tukọ̀ lóru, tí wọ́n sì mọ ohun tí bàbá wọn sọ nípa ìràwọ̀ onírù. Òkun ń jẹ ilẹ̀ lábẹ́ wọn. Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 ti sọ ilé púpọ̀ nù sínú omi, iná gáàsì tí ń jó lórí òkun sì ti sọ òru ibẹ̀ di òwúrọ̀ àbọ̀. Ẹ jẹ́ kí a lọ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Àwọn ará Yúróòpù ti ń múra ọkọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Comet Interceptor, tí yóò lọ dúró ní òfuurufú títí ìràwọ̀ onírù tuntun kan yóò fi yọ, bóyá àjèjì sì ni yóò jẹ́. Awò tuntun Vera Rubin ní Chile, tí ó fi àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ hàn ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ni wọ́n retí pé yóò máa rí àwọn àjèjì sí i. Ẹ̀kẹrin kò ní pẹ́ dé, yóò sì nílò orúkọ.

Ní ti ATLAS, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejìlá ọdún 2025 ni ó sún mọ́ ayé jù, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 270 kìlómítà, kí ó tó kọrí sí ọ̀nà Júpítà. Kò ní padà. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ onírù ti 1882 fọ́ nígbà tí ó kọjá lẹ́bàá oòrùn, ó di ó kéré tán ègé mẹ́rin tí wọ́n wọn ọ̀nà wọn. Heinrich Kreutz ṣírò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò lò láàárín nǹkan bí ọdún 670 sí 960 kí ó tó padà. Ègé àkọ́kọ́ yóò tún yọ ní nǹkan bí ọdún 2550, ìkẹyìn wọn lẹ́yìn ọdún 2800.